Vitesse Karùn-ún Kọ́ Ló Lágbára Jù

Orúkọ ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Jíà ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Benin, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, vitesse ló mọ́ wa lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ eré ni ọ̀rọ̀ Faransé yẹn túmọ̀ sí. Eré kìíní, eré kejì, eré karùn-ún. Ẹni tó bá ti kékeré gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ọkọ̀ ń lágbára sí i. Ìdí nìyẹn tí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ fi máa ń bẹ awakọ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí karùn-ún, mọ́tò yìí mà ń ké jù," lójú ọ̀nà Pobẹ̀ tó ń gun òkè lọ sí Kétu, níbi tó jẹ́ pé ìkẹta gan-an ni mọ́tò náà ń tọrọ.

Ẹni tó ń wa zém, alùpùpù akérò, kì í ṣe àṣìṣe yìí. Bó bá gbé ìyá oníṣòwò kan pẹ̀lú àpò gàrí méjì, tó wá kan ẹsẹ̀ òkè, kò ní dúró kí alùpùpù máa gbọ̀n kó tó fẹsẹ̀ gbá a wálẹ̀ sí kejì. Ẹ́ńjìnnì á ké, ẹrù á gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí orúkọ yẹn fi pa mọ́ fún àwa yòókù: jíà kì í fúnni ní eré. Ńṣe ló ń fi yíyí ẹ́ńjìnnì ra ipá, tàbí kó fi ipá ra yíyí.

Bí kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára àpótí jíà, ṣe ń já, tó sì ń mú, ẹnikẹ́ni tó ti gba ìwé awakọ̀ ti mọ ìyẹn, ká fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ asáré kan ṣe àpẹẹrẹ: Toyota GT86, tí Toyota àti Subaru jọ ṣe, tó jáde ní 2012. Kò wọ́pọ̀ lójú títì Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹ̀kọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì oní-lítà 2 rẹ̀ kò ní turbo tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Kò sí ohun tó máa bo awakọ̀ láṣìírí bó bá yan jíà tí kò yẹ. Jíà mẹ́fà ló ní, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí ọ̀pá tó ń jáde láti inú àpótí jíà tó yí ẹ̀ẹ̀kan: ìkejì jẹ́ 2.188, ìkẹta 1.541, ìkẹfà 0.767. Jíà ẹ̀yìn, èyí tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, á tún sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 4.1. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá wà ní ìkejì, ẹ́ńjìnnì ní láti yí nǹkan bí ìgbà 9 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìkẹfà, ìgbà 3 àti díẹ̀ ti tó. Ipá kan náà tí ẹ́ńjìnnì bá mú wá, bó bá gba inú ìkejì kọjá, yóò dé ara táyà ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́ta ohun tí ì bá jẹ́ ní ìkẹfà.

Ká sọ pé ọkọ̀ yìí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí. Ní ìkẹfà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ìgbà 1,600 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìkẹta, 3,200. Ní ìkejì, nǹkan bí 4,570. Eré kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà. Ohun tí awakọ̀ fi ọ̀pá jíà yàn kì í ṣe eré rárá, bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa mí ló yàn.

Ibí yìí ni igbe tí èrò ń sá fún ti wúlò. Ẹ́ńjìnnì ní ipá ìlọ́, irú èyí tí apá fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti GT86 jẹ́ 205 Nm. Ṣùgbọ́n ipá ìlọ́ nìkan kò gbé ẹrù gòkè. Agbára ni a nílò, agbára sì ni ipá ìlọ́ lọ́nà iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá tilẹ̀ mú gbogbo 205 yẹn wá ní 1,600 (kò lè mú un wá níbẹ̀), agbára ẹṣin 47 péré ni yóò jẹ́. Ọkọ̀ tí ó ní agbára ẹṣin 200 ní 7,000, 47 ni awakọ̀ gbé gòkè, ó wá ń ṣàròyé pé ọkọ̀ wúwo. Bó bá sọ̀ ọ́ sí ìkejì ní eré kan náà, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ kíákíá.

Ariwo kì í ṣe ìrora. Èyí tó ń ro ẹ́ńjìnnì lára ni kí wọ́n tẹ iná (ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè rí epo) mọ́lẹ̀ nígbà tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́: ìbúgbàmù kọ̀ọ̀kan nínú sílíńdà á jìnnà sí èkejì, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, a ó sì máa gbọ́ ìró kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni fi òkúta kan irin. Àwọn píńtọ̀n, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, ń ru ẹrù kíkún nígbà tí pọ́ǹpù òróró kò tíì yí tó láti ta òróró dáadáa.

Òótọ́ ni pé epo kì í ṣọ̀fẹ́. Látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tí kpayo, epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tó wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà gbówó lórí, olúkúlùkù ló ń sáré gbé jíà sókè kí epo lè pẹ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọn kò jẹ̀bi. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní ìkẹfà ń yí nǹkan bí 2,670, epo díẹ̀ ló sì ń jẹ. Ní ìkẹta, 5,360 ni, ìyẹn sì jẹ́ ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ́ jíà sí àárín, níbi tí jíà kankan kò ti mú, bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nítòsí àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ kò jèrè kankan. Ọkọ̀ òde òní tó bá wà nínú jíà tí awakọ̀ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná máa ń pa epo pátápátá, nítorí àwọn táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá wà láàárín, ẹ́ńjìnnì ní láti máa jẹ epo kó má bàa kú, ọkọ̀ náà kò sì ní ohun tó ń dá a dúró mọ́ àfi bíréèkì.

Gbígbé jíà sókè rọrùn, àfi pé ibi tí ẹ́ńjìnnì máa bọ́ sí ló yẹ kéèyàn wò, kì í ṣe ibi tó ti kúrò nìkan. Ẹ́ńjìnnì GT86 ní kòtò kan tí gbogbo ẹni tó wà á mọ̀: láàárín bíi 3,500 sí 4,500, ipá rẹ̀ á rì díẹ̀ kó tó tún gbéra. Láti ìkejì sí ìkẹta, ìyípo ẹ́ńjìnnì á já sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ tó bá yí i ní 5,500 nítorí pé ariwo ti ń bà á lẹ́rù á bọ́ sí nǹkan bí 3,870, àárín kòtò gan-an. Èyí tó bá mú sùúrù dé 7,000 á bọ́ sí nǹkan bí 4,930, òdìkejì kòtò, ọkọ̀ á sì máa fà á lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sísọ jíà kalẹ̀ ló dùn jù. Ká ní ọkọ̀ ń bọ̀ ní ìkẹrin, bíréèkì ti mú un wálẹ̀ sí 60, ìkọ̀rọ̀ kan wà níwájú, ìkejì ni awakọ̀ sì fẹ́ fi jáde níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí 2,500. Ìkejì ń dúró dè é ní 4,570. Ta ni yóò gbé e débẹ̀?

Ẹ wo ibi tí ìyàwó méjì ti ń gúnyán nínú odó kan ní Kétu. Ọmọ odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, gbì, gbì, gbì. Bí ẹlẹ́kẹta bá fẹ́ wọlé, kò ní kàn sọ ọmọ odó tirẹ̀ sínú odó. Á kọ́kọ́ gbé e sókè, á jẹ́ kí ìró náà wọ ọ́ lára, á fi apá gún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, kó tó wá bọ́ sáàárín wọn. Bí ó bá yá jù, igi á kan igi, ọwọ́ á ta wọ́n, iyán á fọ́n ká. Bí ó bá sì pẹ́, á dí àwọn yòókù lọ́wọ́, àwọn ni wọn yóò máa wọ́ ọ títí tí yóò fi bá wọn dọ́gba. Iyán náà kò bìkítà ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí odó, bí ìró bá ti dọ́gba, ó ti tó.

Ọ̀pọ̀ gbà pé àpótí jíà òde òní ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, nítorí òrùka idẹ tó wà nínú rẹ̀, tí ó máa ń ra ara mọ́ jíà kí eyín tó wọ eyín. Àbọ̀ iṣẹ́ ni òrùka yẹn ń ṣe. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá wà nílẹ̀, ohun tó wà nínú àpótí nìkan ló lè mú dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ògiri, ó ń sọ̀ lọ síbi 1,000. Tí awakọ̀ bá wá já kílọ́ọ̀ṣì sókè, táyà ẹ̀yìn ni yóò wọ́ ẹ́ńjìnnì láti 1,000 lọ sí 4,570 lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kéèyàn fa bíréèkì ọwọ́ lójú ìkọ̀rọ̀, ìdí ọkọ̀ á yọ̀.

Nítorí náà ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń fi iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, kó wá yí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà tàbí gìgísẹ̀ lu iná lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀. Vúm! Ẹ́ńjìnnì fò dé 4,500, ọ̀pá wọ ìkejì, kílọ́ọ̀ṣì gòkè, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì mọ̀ pé nǹkan yí padà àfi bó bá gbọ́ ìró. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí táyà tó yí sí ìkọ̀rọ̀. Ibí yìí ni jíà ọwọ́ ti gbọ́n ju èyí tó ń yí ara rẹ̀ lọ: ojú awakọ̀ ti rí ìkọ̀rọ̀ àti òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, ó sì lè pèsè ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Òrùka idẹ kan náà ló ní àléébù tó ń bani lẹ́rù: kì í sọ pé rárá. Ẹni tó dé 130 ní ìkẹta, ní 7,000, tó fẹ́ lọ sí ìkẹrin, tí ọwọ́ rẹ̀ wá kó sí ìkejì, òrùka á gbà á wọlé. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti gòkè, táyà á fi ipá yí ẹ́ńjìnnì lọ sí bíi 9,900, nígbà tí ìlà pupa rẹ̀, ibi tí kò yẹ kó yí kọjá, wà ní nǹkan bí 7,400. Ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró níbi ìlà pupa kò lè gbà á, nítorí epo ló ń pa, kì í ṣe epo ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì lásìkò yẹn. Píńtọ̀n kọ̀ọ̀kan á lọ, á bọ̀ ní ìgbà 165 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fáàfù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà tí èéfín sì ń gbà jáde, kò ní lè tì bọ́ sílé lásìkò, irin á sì pàdé irin.

Nínú ọkọ̀ tiwa tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, ìkejì wà nítòsí awakọ̀ ju ìkẹrin lọ. Ìbẹ̀rù tàbí ìkánjú ló máa ń mú ọwọ́ di ọ̀pá gírígírí kó sì fà á mọ́ra. Kò yẹ kí wọ́n dì í. Kí wọ́n kàn fi ìka kọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n fà á tààrà sẹ́yìn. Sípíríǹgì inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gbé ọ̀pá wá sí ojú ìlà àárín, níbi tí ìkẹta àti ìkẹrin wà.