Ìbọn tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ibo ni ẹ gbé e sí?

Ìyá kan láti Kubwa wá bá mi ní ọ́fíìsì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń dáko ní Kuje, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Láti ìgbà náà, ọkùnrin yìí kì í jẹun, kì í sùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń ba ará ilé lẹ́rù. Ó ní ìbọn ọdẹ kan, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ́ gbé e kúrò, ó fi ìró wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé mo ṣe dáadáa?"

Ẹ ṣe dáadáa, Ìyá. Ibi tí ẹ gbé e sí ló kọ mí lóminú. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, kò gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láyè kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ àbúrò yín kò ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin. Kódà ṣakabùlà bàbá àgbà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ti ronú sí irú ọ̀ràn yìí. Ní 2014 ni wọ́n dìbò fún òfin pé kí a yẹ ìtàn ènìyàn wò kí a tó fa ìbọn lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ẹni tó gbà á fún ìgbà díẹ̀ láti dènà ikú tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ní Colorado, láti 2019, máàpù kan wà tó ń tọ́ka sí àwọn ilé ìtajà àti àgọ́ ọlọ́pàá tó gbà láti bá ènìyàn tọ́jú ìbọn. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ìbọn ń pa ní orílẹ̀-èdè yẹn tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n kú sí. Wákàtí burúkú máa ń kọjá. Ìbọn kì í dúró dè é.

Níbí ńkọ́? Ẹ pe àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Ẹ má gbé ìbọn la ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró kọjá. Tí olóhun bá lè sọ̀rọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀rù ń ba ìyá yìí pé wọn yóò ti àbúrò òun mọ́lé. Òótọ́ ni pé òfin Penal Code tí a ń lò ní Abuja ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ó dùn mí pé òfin náà ṣì wà, torí ó ń lé ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ sá. Àmọ́ ìbànújẹ́ kì í ṣe ìgbìyànjú. Ẹni tó ní kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ òun kò ṣẹ̀ sí ìlà yẹn.

Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìbọn, iye ọta, déètì àti orúkọ ẹni tó gbà á sí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ìtọ́jú ni, pé olóhun kò yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ sọ di òfin, kó má wà lọ́wọ́ inúure DPO kan.

Ìyá pe àgọ́ láti ọ́fíìsì mi. Àbúrò rẹ̀ ló buwọ́ lùwé.