Bí agbára òṣèlú ṣe ń rìn ní Róòmù àtijọ́

Lójú òfin, gbogbo ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ onílùú ní Róòmù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan consul méjì tí yóò ṣèjọba fún ọdún kan. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ ni bí wọ́n ṣe ń ka ìbò. Wọn kì í ka orí ènìyàn. Ẹgbẹ́ 193 ni wọ́n ń kà, bí ohun ìní oníkálukú bá sì ṣe tó ni wọ́n fi ń pín in sí ẹgbẹ́. Nínú ètò àtètèkọ́ṣe, àwọn agẹṣin ní ẹgbẹ́ 18, ìpele àwọn olówó ní 80. Ìyẹn ti di 98, bẹ́ẹ̀ 97 ti tó láti borí! Àwọn tí kò ní nǹkan kan, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rọ́ wọn sí. Olówó ló ń kọ́kọ́ dìbò. Bí àwọn méjèèjì tí yóò wọlé bá ti ní ẹgbẹ́ 97 yẹn, ìdìbò parí nìyẹn, kí tálákà máa lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n dín 80 náà kù sí 70, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ti mẹ̀kúnnù padà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bàbá ìsàlẹ̀. Ìdájí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lọ kí i nílé. Ó ń fún wọn lówó tàbí oúnjẹ, ó ń gbẹjọ́ wọn rò. Àwọn náà á tẹ̀ lé e jáde kí ayé lè rí èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò, ta ló máa lòdì sí ọ̀gá níṣojú ọ̀gá? Ọdún 139 ṣáájú ìbí Jésù ni òfin sọ ìbò yíyan aláṣẹ di ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sára pátákó kékeré tí wọ́n fi ìda kùn. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń dúró lórí afárá tí olùdìbò ń gbà kọjá, wọ́n ń yọjú wo ohun tó kọ. Olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Marius ló ní kí wọ́n sọ afárá náà di tóóró ní ọdún 119 ṣáájú ìbí Jésù.

Ìgbìmọ̀ Àgbà, ìyẹn Senate, kò lè ṣòfin; ìmọ̀ràn ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni àpò ìlú wà, títí ọjọ́ ikú ni wọ́n sì sábà máa ń jókòó síbẹ̀, nígbà tí consul ń lo ọdún kan péré. Agbẹnusọ mẹ̀kúnnù mẹ́wàá ló wà láti dá wọn lẹ́kun, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè fi ọ̀rọ̀ kan dá ohunkóhun dúró. Àmọ́ ẹyọ kan péré nínú mẹ́wàá ni olówó nílò. Ní ọdún 133 ṣáájú ìbí Jésù, Octavius, ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ náà, dá òfin tí agbẹnusọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Tiberius Gracchus, mú wá láti pín ilẹ̀ ìjọba fún tálákà dúró. Tiberius ní kí ará ìlú dìbò yọ ọ́, òfin náà sì kọjá. Kí ọdún tó parí, àwọn ará Ìgbìmọ̀ ti fi igi àti ẹsẹ̀ àga pa Tiberius pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin ilẹ̀ náà ńkọ́? Wọn kò fagi lé e. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa pín ilẹ̀ lọ.