Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àfihàn fíìmù ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àfihàn fíìmù jẹ́ ètò tí ilé àṣà, ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn ìlú máa ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì. Olùkọ́ á darí ìjíròrò, wọ́n á sì fi fíìmù hàn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Ní Nàìjíríà, a mọ ètò báyìí mọ́ British Council, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní 1943, àti mọ́ àwọn American Corner tó wà ní ìlú bí Ìbàdàn, Jos àti Kano. Àwọn American Corner kì í dá ilé gbé: yunifásítì tàbí ilé ìkàwé ló ń fún wọn ní àyè, tí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà á sì kó ìwé àti ohun èlò wá.

Agbègbè àti èdè

Ìjọba ìbílẹ̀ 7 ló wà ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Kogí: Kàbà/Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Muro, Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, Lọ́kọ́jà àti Kogí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn Ọ̀kun, ìyẹn Yàgbà, Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, tí ẹ̀ka-èdè wọn jẹ́ ti Yorùbá. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Ọ̀wọ̀rọ̀, Nupe, Hausa, Ígálà àti Ẹ̀bìrà ti jọ ń ná ọjà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára èdè tí àjèjì méjì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ní Ìsánlú tàbí Ìyàmoyè, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ló ti ń wúlò jù. Olùdarí ètò tó bá gbé ìlànà Lọ́kọ́jà lọ sí Ìsánlú láìyí i padà kò ní rí ìjíròrò púpọ̀.

Ìtàn

Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ ní agbègbè yìí. Ọdún 1865 ni wọ́n kà sí ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther dá ilé ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Ní 1908, Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission (SIM), dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Titcombe College, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Bíbélì Yorùbá ti wà lódindi láti 1884, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ti ń fi Yorùbá kàwé kí wọ́n tó dé orí Gẹ̀ẹ́sì.

Ètò ìṣèlú kò bá èdè lọ. Agbègbè Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, nítorí náà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti wádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kékeré, tó sì jábọ̀ ní 1958, kò sì sọ pé kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Yorùbá Ìwọ̀-Oòrùn. Ó bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tó di Kwara ní 1967, ó sì di ara Kogí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991.

Ní ti fíìmù, Colonial Film Unit, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939, máa ń fi ọkọ̀ sinimá lọ káàkiri ìlú àti abúlé Nàìjíríà. Ògbufọ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, á máa fi èdè ìbílẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Olùkọ́ tó ń dá fíìmù dúró lónìí láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kò jìnnà sí ògbufọ̀ yẹn, àfi pé ó fẹ́ kí àwọn òǹwòran fúnra wọn gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ

Kì í ṣe odindi fíìmù ni wọ́n sábà máa ń lò. Abala kúkúrú kan ti tó. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ohun tí ìtàn náà dá lé ní Ọ̀kun tàbí Yorùbá, wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan láìdáwọ́ dúró, wọ́n á tún un wò pẹ̀lú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán, olùkọ́ á sì máa dá a dúró níbi tó bá yẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sọ ìtàn náà fúnra wọn. Fíìmù Yorùbá náà wúlò, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ á máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹnu sọ ni ìwé kọ. Òwe ló máa ń jìyà jù níbẹ̀.

Ìró ni fíìmù fi ju ìwé lọ. Yorùbá àjùmọ̀lò ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè 7. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ni ní kọ́ńsónáǹtì 24 àti fáwẹ̀lì bí 20. Sílébù kọ̀ọ̀kan nínú Yorùbá ló ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á sì gbé àwọn yòókù mì. Ìwé kì í fi èyí hàn dáadáa. Ìdánwò náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́: iṣẹ́ tí WAEC ń pè ní ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà, nípa yíyan ìdáhùn tó tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì tó pọ̀ níbẹ̀ láìla ẹnu.

Àwọn tó ń dúró de ìdánwò JAMB wà lára àwọn tí ètò yìí wúlò fún jù, torí pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn: ìbéèrè 60 nínú 180 ló jẹ́ tirẹ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà ń ṣe ìrànwọ́. Àsàyà, ní Kàbà, ni àgọ́ tí NYSC ti ń gbà wọ́n sí Kogí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń pín sí ilé ìwé. Èyí tí kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn máa ń sọ àwọn ọmọ di elédè Gẹ̀ẹ́sì nípá.

Ohun èlò àti òfin

Ẹ̀rọ projẹ́kítọ̀, aṣọ funfun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti iná ni wọ́n nílò. Níbi tí iná kò bá dúró, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìró. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 fi àṣẹ àfihàn fíìmù ní gbangba sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nítorí náà gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, àfi tí òfin bá ti yọ ọ́ sílẹ̀. Iye ọjọ́ orí tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kọ sí i lára náà ṣe pàtàkì níbi tí àwọn ọmọdé bá wà.

Ipò èdè abínibí

Ní 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Ilé ìwé ni ìpinnu náà bá wí. Nínú gbọ̀ngàn àṣà, olùdarí ló ṣì ń pinnu iye Ọ̀kun tí yóò wọ inú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.