Fibroscan kọ 9, MRI kọ 3: èwo ni ká gbà gbọ́ nípa líle ẹ̀dọ̀?

Ìbéèrè: Mo ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Fibroscan kọ 9 kPa fún ẹ̀dọ̀ mi; lóṣù kejì, MRI kọ 3.1. Ṣé ó ti sàn ni, àbí ẹ̀rọ kan ń parọ́?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó parọ́. Fibroscan ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ìhà láti fi wọn líle ẹ̀dọ̀; MRI tí wọ́n ṣe fún yín ni èyí tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń pè ní elastography. Méjèèjì ń rán ìgbì wọ inú ẹ̀dọ̀, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń sáré sí: bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni ìgbì ṣe ń yára tó. Ìṣirò wọn ni kò dọ́gba. kPa ni wọ́n jọ ń pe òṣùwọ̀n wọn, àmọ́ ohun tí Fibroscan ń kọ máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti MRI. Gàrí inú àpò kan náà ni ẹ fi dẹ́ríkà wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ tún fi kóńgò wọ̀n.

Síbẹ̀, ẹ má fi 3 pín in fúnra yín. Ìgbì wọn yàtọ̀ (ti Fibroscan ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti MRI nígbà 60), Fibroscan sì ń wo ìwọ̀nba díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀. Lórí MRI, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 2.5 dára. 2.5 sí 3 lè dára, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ wú. Láti 3 lọ sókè ni àpá ti ń wọlé. Tó bá kọjá 5, àpá ti gba ẹ̀dọ̀ kan.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n dè mọ́ mi níhà nígbà MRI?

Ìdáhùn: Àwo rọ́bà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 19 ni. Egungun ìhà ọ̀tún nísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, ọ̀pá rọ́bà sì ń gbé afẹ́fẹ́ wá láti ìta yàrá tí yóò máa mú un gbọ̀n. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ìgbì kò ní wọlé. Ẹ ó mí jáde, ẹ ó sé èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mímí jáde ló dára, torí ibi kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń padà sí. Téèyàn bá fa èémí sínú, kì í fà á bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí àwòrán, ibi tó rọ̀ dúdú bí aró, ibi tó le pupa. Ẹ̀rọ tún ń fa ìlà bí àwọ̀n bo ibi tí kò dá a lójú. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ yẹra fún abẹ́ àwọ̀n yẹn, fún etí ẹ̀dọ̀, àpò òróòro àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iye ti ń bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé oúnjẹ lè tan ẹ̀rọ jẹ?

Ìdáhùn: Ó lè tàn án jẹ gan-an. Oúnjẹ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya wọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì le ju bó ṣe wà lọ, àgàgà èyí tó ti ní àpá. Wákàtí 4, ó kéré tán, ni kí ẹ fi má jẹun. Ẹni tó ti Ìkòròdú bọ̀, tó jẹ àkàrà láago 7 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, kò gbọdọ̀ wọlé ṣáájú 11. Tíì oní mílíìkì, oúnjẹ ni.

Ìbéèrè: Ọmọ mi jẹ́ SS. Wọ́n ní àwòrán kò jáde.

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára ló ń kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀, irin yẹn ń pa àwòrán dú. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú spin-echo EPI, ọ̀nà mìíràn tí MRI ń gbà ya àwòrán. Irin kì í tètè bo ìyẹn.

Ìbéèrè: MRI kọ 3.2 léṣìí, 3.6 lọ́dún yìí. Ṣé àpá ti pọ̀ sí i?

Ìdáhùn: A kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 12.5%, àwọn onímọ̀ QIBA ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó gbé ìlànà kalẹ̀ fún òṣùwọ̀n inú àwòrán ara, sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó 19% kó tó kọjá àṣìṣe òṣùwọ̀n. Fún 3.2, ó gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 3.8, lórí ẹ̀rọ kan náà, pẹ̀lú ikùn òfìfo. Kó tiẹ̀ dé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ALT, èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣèṣe: ẹ̀dọ̀ tó wú, ọkàn tí agbára rẹ̀ dín kù, tàbí òróòro tó dí lè mú un le láìsí àpá tuntun.

Kì í ṣe gbogbo MRI ló ní àwo tó ń gbọ̀n yẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ ń ṣe elastography, àbí MRI ẹ̀dọ̀ lásán?"