Kí Ni Wọ́n Ń Fi Ọgọ́rùn-ún Òkú Kòkòrò Kan Náà Ṣe ní Mùsíọ́mù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí mùsíọ́mù bá ti ní ẹyọ kan lára irú kòkòrò kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé Natural History Museum tó wà ní London nìkan ní òkú kòkòrò tó ju mílíọ̀nù 30 lọ, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún nínú wọn lè jọ ara wọn láìsí ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè rí. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò tọ̀nà: èrò pé bí baba ńlá kòkòrò ṣe rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn náà ni òun rí lónìí, àti pé bí ìyípadà kan bá tilẹ̀ wà, yóò gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè rí i.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún kòkòrò kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àpótí. Lára abẹ́rẹ́ yìí kan náà, lábẹ́ kòkòrò, ni bébà pélébé kan wà, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti mú un sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n mú un àti orúkọ ẹni tó mú un. Nígbà mìíràn, wọ́n á tún kọ orúkọ ewéko tí wọ́n bá a lórí rẹ̀. Kòkòrò tí kò ní bébà yìí kò lè jẹ́rìí sí ohun púpọ̀, bó ti wù kí ara rẹ̀ pé tó. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọgbọ̀n tó ní in jọ, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di àkókò tiwa, a lè fi ti ìgbà kan wé ti ìgbà mìíràn, ohun tí ẹyọ kan ṣoṣo kò lè ṣe fún wa láéláé.

Ẹ̀rí tó fi èyí hàn jù lọ ni ti kòkòrò kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní soapberry bug, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Jadera haematoloma. Dúdú ni ara rẹ̀, ojú àti èjìká rẹ̀ pupa, ẹnu rẹ̀ sì gùn ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Kóró inú èso ni oúnjẹ rẹ̀. Á gún èèpo èso láti ìta, á ti ẹnu náà wọlé títí yóò fi kan kóró, á tu itọ́ tó ń sọ inú kóró di omi sí i, á sì fà á mu. Gbogbo ewéko tó ń jẹ kóró wọn yìí jẹ́ ẹbí igi iṣin wa.

Ní gúúsù Florida, ìtàkùn ìbílẹ̀ kan tí èso rẹ̀ wú, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ni kòkòrò yìí ń gbé lórí rẹ̀. Láti èèpo èso náà dé àárín gbùngbùn rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 12, ẹnu abo kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sì gùn ju mìlímítà 9 lọ. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1950 ni àwọn ará Florida wá ń gbin igi ọ̀ṣọ́ kan tó wá láti Taiwan, Koelreuteria elegans, káàkiri ẹ̀gbẹ́ títì àti àgbàlá ilé. Èso igi yìí pẹlẹbẹ. Láti èèpo rẹ̀ dé àárín kò tó mìlímítà 3. Kòkòrò náà rí igi tuntun, ó bọ́ sí i lórí, lónìí sì rèé, ẹnu àwọn abo tó ń gbé lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 7 lọ.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé àwọn ẹlẹ́nu kúkúrú ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́? Scott Carroll àti Christin Boyd ló dáhùn èyí nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1992. Wọ́n wọn ẹnu àwọn kòkòrò tó wà láàyè, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àwọn òkú inú àpótí mùsíọ́mù. Ẹnu kòkòrò le, kì í sún kì bí ikùn ṣe máa ń sún kì tó bá gbẹ, nítorí náà òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣeé gbára lé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnu àwọn tí wọ́n mú ní Florida kí igi Taiwan tó dé gùn. Ẹ̀yìn tí igi náà dé ni àwọn ẹlẹ́nu kúkúrú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní ìhà Oklahoma àti Texas, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: èso àwọn ewéko àjèjì tó dé ibẹ̀ tóbi ju ti igi ìbílẹ̀ lọ, ẹnu kòkòrò sì gùn sí i. Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀rí náà ti lágbára jù nìyí. Ká ní ẹnu wọn kúrú níbi gbogbo ni, ènìyàn lè sọ pé ojú ọjọ́ tàbí oògùn apakòkòrò ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọjọ́ tó ń tẹ̀ lé ìwọ̀n èso.

Iyèméjì kan ṣì kù tí òkú kòkòrò kò lè yanjú. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ló ń sọ ẹnu di kúkúrú, tí kò sì sí ohun tó yí padà nínú ohun tí òbí ń fi jíǹkí ọmọ. Carroll àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ ọmọ àwọn ti ìtàkùn lórí èso igi àjèjì, wọ́n tọ́ ọmọ àwọn ti igi lórí ìtàkùn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1997: púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà ló dúró bó ṣe wà. Àjogúnbá ni. Kò ju nǹkan bí 100 ìran kòkòrò lọ tó fi ṣẹlẹ̀, kò sì tó 50 ọdún ti ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé igi ni àjèjì níbí, kì í ṣe kòkòrò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá bá oúnjẹ tuntun pàdé, ọ̀nà kan náà ló ń gbà bá a mu, ì báà jẹ́ òun ló rìnrìn àjò, ì báà jẹ́ oúnjẹ ló wá bá a. Àpótí mùsíọ́mù sì ń ran ni lọ́wọ́ láti mọ èyí tó rìnrìn àjò gan-an. Ní 1984, wọ́n rí àfòpiná kékeré kan, Cameraria ohridella, lẹ́bàá adágún Ohrid ní Macedonia, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ewé igi horse chestnut. Kò pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì dé London ní 2002. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn kan rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ní 2011, David Lees àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìdin náà lọ sínú ewé gbígbẹ tí àwọn onímọ̀ ewéko ti tẹ̀ mọ́ bébà láyé àtijọ́. Wọ́n bá a nínú ewé tí wọ́n já ní Gíríìsì ní 1879, DNA rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé agbègbè Balkan ni ilé rẹ̀. Ewé ni ẹni tó já a fẹ́ tọ́jú o. Kò mọ̀ pé ìdin wà nínú rẹ̀.

Àwa náà jẹ nínú iṣẹ́ yìí, nídìí ẹ̀gẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni kòkòrò funfun kan tó ń fa oje ẹ̀gẹ́ yọjú ní ìhà Congo, tó sì ń ba oko jẹ́ káàkiri Áfíríkà. Wọ́n wá ilé rẹ̀ lọ sí àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n agbọ́n tíntìntín tó ń pa ìyẹn kò rí tiwa ṣe. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní mùsíọ́mù London to ti ìhín àti ti ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n rí i pé irú méjì ni, wọ́n sì fún èkejì ní orúkọ tirẹ̀, Phenacoccus herreni, ní 1981. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí tiwa gan-an, Phenacoccus manihoti, ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tó ń pa á. Wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kí 1981 tó parí, nígbà tó sì fi máa di 1990, ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ ní Áfíríkà.