Káàdì kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì: bí kámẹ́rà òde òní ṣe ń gba fídíò sílẹ̀

Láyé MiniDV, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: orí rẹ̀ ni wọ́n ń ya fídíò sí, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kámẹ́ràmáàn á yọ ọ́, á ti bọ́tìnì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sápá kan kí ẹnikẹ́ni má baà ya nǹkan mìíràn lé e, á kọ orúkọ ìyàwó àti ọjọ́ sí i lára, ó di orí pẹpẹ. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ní Sùúrùlérè tàbí Ìdúmọ̀tà, orí pẹpẹ yẹn ni wọ́n á ti bá a. Káàdì mẹ́mórì tí kámẹ́rà òde òní ń lò kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ó wà ní òde Ìkẹjà; tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ó ti wà ní òde Ìkòyí.

Ìyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 2003, Sony gbé XDCAM jáde, tó ń kọ fídíò sórí díìsì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Panasonic mú káàdì P2 wá. Nígbà tó fi máa di 2007, Sony ti ní káàdì SxS, ilé iṣẹ́ RED sì ti ń ta kámẹ́rà tí kò ní ihò kásẹ́ẹ̀tì rárá. Ìmìtìtì ilẹ̀ Jàpáánù ní oṣù kẹta 2011 ló wá ti àwọn tó ṣì ń lọ́ra lẹ́yìn: ó ba ilé iṣẹ́ Sony tó wà lágbègbè Sendai jẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe téèpù HDCAM SR, téèpù náà sì di ọ̀wọ́n gógó.

Ìṣirò díẹ̀ ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ káàdì yé èèyàn. Àwòrán HD kan ní ẹyọ àmì kéékèèké (píksẹ́lì) 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, ó lé ní mílíọ̀nù 2 lápapọ̀. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 3, àwòrán kan ṣoṣo ti gba MB 6 àti díẹ̀. Àwòrán 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti di nǹkan bí MB 155. Káàdì GB 64 kò ní lò tó ìṣẹ́jú 7 kó tó kún; ìyàwó kò tíì jó wọlé tán. Nítorí náà, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fún àwòrán pọ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fún un dé Mbps 50, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àwọn kámẹ́rà XF ti Canon ṣe ń ṣe, GB 22 ààbọ̀ ni wákàtí kan máa gbà, GB 64 yẹn á sì lò tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50. Bíìtì ni Mbps ń kà o, kì í ṣe báìtì. Ẹ pín in sí 8 kí ẹ tó lọ ra káàdì.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fún un pọ̀. Intra ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀, láìgbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. AVC-Intra ti Panasonic àti ProRes ti Apple wà nínú ẹbí yìí. Èkejì ni Long GOP: ó ń tọ́jú àwòrán kan lódindi, nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà nìkan ló ń kọ. Òun ni XDCAM EX, ti Sony tó ń lo káàdì SxS, ń lò, àti AVCHD tí Sony àti Panasonic jọ gbé jáde ní 2006.

Ẹ wo òde ìdána kan. Alága ìdúró ń sọ̀rọ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò mira, òdòdó orí tábìlì kò mira. Ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Iṣẹ́ ò pọ̀ fún Long GOP níbẹ̀, àwòrán á mọ́ kedere. Àmọ́ kí onílù ki ẹbí ìyàwó dìde: ogún gèlè ń mì pọ̀, òkúta ara léèsì ń kọ mànà, wọ́n ń ná owó, náírà ń fò, iná DJ ń yí láti pupa sí búlúù. Kò sí igun kan nínú àwòrán náà tó jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bíìtì tó wà nílẹ̀ kò ká a mọ́, ojú gèlè á wá fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, òkúta léèsì tí ìyá ìyàwó fowó gidi rà á sì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Lẹ́ǹsì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ní intra, kó lò ó fún ijó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé AVC-Intra 100 ń gba nǹkan bí GB 45 ní wákàtí kan. Ó tọ́ sí wọn.

Fódà ló ń da ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rú. Bí ẹ bá ṣí káàdì P2, ẹ máa rí CONTENTS. Nínú rẹ̀, VIDEO wà lọ́tọ̀, AUDIO wà lọ́tọ̀, CLIP wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fa VIDEO nìkan jáde máa gbé àwòrán tí kò lóhùn délé. Ti XDCAM EX ń jẹ́ BPAV. Àwọn káàdì kan wà tí fáìlì orí wọn kò lè ju GB 4 lọ, kámẹ́rà á gé ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́, àwọn fáìlì kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì mọ bí wọ́n ṣe so pọ̀. Ẹ kó fódà náà lódindi, ẹ má yí orúkọ kankan padà.

Ẹ má sì yọ bátìrì nígbà tí iná pupa ẹnu ihò káàdì bá ṣì ń ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni kámẹ́rà tó ń kọ MP4 tàbí MOV ń kọ atọ́ka tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Láìsí atọ́ka yẹn, fídíò wà lórí káàdì ṣùgbọ́n kò ní ṣí bó ṣe yẹ.

Nípa káàdì fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti bó ṣe ń yára ka ohun tó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti bó ṣe ń yára kọ fídíò sílẹ̀. Lẹ́tà V ara káàdì ni kí ẹ wò: V30 ṣèlérí pé kíkọ rẹ̀ kò ní wálẹ̀ ju MB 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, V60 ṣèlérí 60.

Tí òde bá parí, kíkó fídíò kúrò lórí káàdì ṣì jẹ́ ara iṣẹ́ yíyà. Háàdì díráìfù méjì ló kéré jù, kí ọ̀kan má sùn sílé kan náà pẹ̀lú èkejì. Copy ni kí ẹ lò, ẹ má lo cut: bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín cut, apá kan lè ti kúrò lórí káàdì láìdé ibi tó ń lọ. Kí ẹ tó gbà pé ẹ̀dà náà pé, ẹ jẹ́ kí checksum wò ó, bí TeraCopy ṣe lè ṣe é: á ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á sọ ọ́ di nọ́ńbà gígùn kan, bí bíìtì kan péré bá yàtọ̀ nínú ẹ̀dà, nọ́ńbà á yàtọ̀. Títí nọ́ńbà méjèèjì á fi bára mu, ẹ dojú káàdì náà dé nínú àpò rẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ má ṣèèṣì gbé e. Lẹ́yìn náà, inú kámẹ́rà gan-an ni kí ẹ ti fọ́mátì rẹ̀, kì í ṣe lórí láptọ́ọ̀pù.