Àjùmọ̀lò àtòjọ ojú-ọ̀nà nínú ètò orí wẹ́ẹ̀bù

Àjùmọ̀lò àtòjọ ojú-ọ̀nà ni kí ọ̀pọ̀ kíláàsì (abala kóòdù tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) inú ètò orí wẹ́ẹ̀bù kan jọ máa lo àtòjọ kan ṣoṣo, èyí tó sọ kóòdù tó ń dáhùn fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá ṣí ojú-ewé kan nínú búráúsà, àtòjọ yìí ni ètò náà máa ń yẹ̀ wò kó tó dáhùn. Àwọn kíláàsì mìíràn náà nílò rẹ̀. Kíláàsì tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fẹ́ fi líǹkì sínú rẹ̀. Èyí tó ń gba fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ mọ ojú-ewé tí yóò darí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà sí. Èyí tó ń kó àdírẹ́sì jọ fún Google ní láti mọ gbogbo wọn.

Bí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá ń fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì tirẹ̀, ọjọ́ tí a bá sọ /iroyin/ di /iwe-iroyin/ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. A ó tún un ṣe nínú fáìlì mẹ́ta, a ó gbàgbé ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá sì tẹ líǹkì inú ẹ̀kẹrin yẹn yóò bá àṣìṣe 404 (a kò rí ojú-ewé náà) pàdé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ framework (àkójọ kóòdù tí a ti ṣe sílẹ̀ láti fi kọ́ ètò) fi gbà kí a sọ ojú-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórúkọ: àdírẹ́sì lè yí padà, kí orúkọ má yí.

Django, framework fún èdè Python, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní ìpínlẹ̀ Kansas, Amẹ́ríkà, kọ, tó sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní 2005, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yéni dáadáa. Inú fáìlì urls.py ni àtòjọ náà wà, urlpatterns lorúkọ rẹ̀. ROOT_URLCONF nínú settings, fáìlì ìṣètò Django, ló ń tọ́ka fáìlì tó jẹ́ olórí. Láti ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní 2017, path() ni a sábà fi ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan:

path('iroyin/<int:pk>/', IroyinView.as_view(), name='iroyin')

reverse() ló ń fi orúkọ wá àdírẹ́sì. Kíláàsì yòówù tó bá pe reverse('iroyin', args=[7]) yóò gba /iroyin/7/. Kò mú àtòjọ náà lọ́wọ́, kò sì mọ IroyinView, kíláàsì tó ń dáhùn, rí. Orúkọ nìkan ló mọ̀.

Àìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. urls.py ló ń import (pe wọlé) views, fáìlì kóòdù tó ń dáhùn, views ló sì ń import models, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe dátà. Bí models bá tún yíjú padà láti import urls.py, ọ̀rọ̀ di àyípo, Python yóò sì bá fáìlì tí kò tíì kà tán. get_absolute_url, tó ń sọ àdírẹ́sì ohun kan, tí a máa ń kọ sínú kíláàsì model, bọ́ lọ́wọ́ èyí, nítorí inú method (iṣẹ́ tí a kọ sínú kíláàsì) ni reverse() wà, kì í sì í ṣiṣẹ́ títí a ó fi pè é.

Ibi tó ti ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni success_url, àdírẹ́sì tí a ń darí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù sí. Ara kíláàsì gan-an ni a ń kọ ọ́ sí, Python sì máa ń ṣiṣẹ́ ohun tó wà lára kíláàsì lójú ẹsẹ̀ tó bá ń ka fáìlì, nígbà tí urlpatterns kò tíì pé. Bí a bá lo reverse() níbẹ̀, àṣìṣe ni yóò mú wá. reverse_lazy() ni a ṣe fún un: ó máa ń dúró di ìgbà tí a bá fẹ́ lo àdírẹ́sì náà ní tòótọ́ kó tó wá a.

ASP.NET, framework ilé-iṣẹ́ Microsoft, gba ọ̀nà mìíràn. RouteTable.Routes, tó dé pẹ̀lú .NET Framework 3.5 SP1 ní 2008, jẹ́ static, ìyẹn ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ètò: a kún un lẹ́ẹ̀kan nínú Application_Start, nígbà tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì lè kà á láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn, àmọ́ ó ní ewu. Ìdánwò kóòdù kan lè fi ojú-ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìdánwò tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà Symfony, framework fún èdè PHP, sàn jù níbi èyí: UrlGeneratorInterface, tó ń ṣe àdírẹ́sì, ni kíláàsì ń gbà láti inú constructor rẹ̀ (method tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀dá ohun kan láti inú kíláàsì náà), ẹni tó bá ka constructor náà yóò sì rí i pé kíláàsì yẹn ń ṣe àdírẹ́sì.

Nínú Rails, framework fún èdè Ruby, include Rails.application.routes.url_helpers ń fún kíláàsì lásán ní àwọn method bíi iroyin_url. Nígbà tí kò bá sí ìbéèrè láti búráúsà, bí ìgbà tí ímeèlì ń lọ lóru, Rails kò ní ibi tí yóò ti mọ orúkọ ojúlé náà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yìí (host) sínú default_url_options.